Èjìká Ìyá Búrẹ́dì

Bí ẹ bá ní kí Ìyá Búrẹ́dì búra láàárọ̀ ọjọ́ náà, ì bá búra pé ẹnì kan ló wọlé nígbà tí òun ń sùn, tó ti èjìká òun pa, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Bó ṣe ń jí nìyẹn láti oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n rán iṣan tó já nínú èjìká ọ̀tún rẹ̀ mọ́ egungun. Iṣan náà ti mọ́ra. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀, fọ́tò tí wọ́n yà sì jẹ́rìí sí i. Èjìká fúnra rẹ̀ ló gan, tó ní òun ò lọ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì yìí kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń bẹ èjìká. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ní kó wá sí békìrì tó ti ń ṣiṣẹ́, kó wá gbé tíréè búrẹ́dì kan sórí pẹpẹ onírin níṣojú Ọ̀gá Kékeré, ìyẹn ọkùnrin tó ń bá oníbékìrì mójú tó iṣẹ́. Bó bá gbé e, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá lè gbé e, wọ́n ti kọ orúkọ obìnrin mìíràn sílẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi gbé tíréè fún wọn. Tíréè yẹn náà ló já iṣan náà. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òṣìṣẹ́? Ohun tó ba apá jẹ ni wọ́n tún fẹ́ fi dán apá wò. Kò sẹ́ni tó wá bi í bóyá ó ń rí oorun sùn láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè fọ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Tíréè nìkan ni wọ́n béèrè.

Ó dìde, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ògiri ní ọ̀gangan àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì gun ògiri lọ díẹ̀díẹ̀ bí èèrà. Ṣọ́ọ̀kì tí ọkọ rẹ̀ fi ń fa ìlà sára aṣọ ló fi ń sàmì sí ibi tó bá dé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: àyà, ọrùn, àgbọ̀n, imú. Lánàá ó dé ọ̀gangan ojú. Lónìí àwọn ìka náà dé ojú, wọ́n dúró. Ó mí sínú, ó mí síta, ó tún tì wọ́n sókè. Ìrora kan gbéra láti èjìká, ó sáré dé ìgbúnwọ́, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Kó fà yín, kó má gún yín," ni obìnrin tó ń kọ́ wọn ní nína apá ní ọsibítù máa ń sọ. Ìyá Tún-un-ṣe ni àwọn aláìsàn ń pè é, torí ẹnì kan ò ṣe é tán níwájú rẹ̀ rí kó má ní kó tún un ṣe. "Bó bá ń gún yín, ẹ rọra dẹ̀ ẹ́. Bó bá ń fà ni, ẹ má sá. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ ka ọgbọ̀n."

Ó ń fà. Ó dúró síbẹ̀, ó ń kà. Ó kà á dé méjìdínlógún kí ọkọ rẹ̀ tó yọ láti pálọ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, pálọ̀ ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Baba Télọ̀ sì ni tilé-toko mọ̀ ọ́n sí. Ọkùnrin tí í fi ẹnu dá oníbàárà onígbèéraga jókòó ni, ṣùgbọ́n kò lè wo omijé obìnrin yìí.

"Ó tó! Ó ti tó bẹ́ẹ̀!" Ó ti yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ti di apá ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń gbé e wálẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. "Ṣé o fẹ́ kó tún já ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, mi ò tíì ka ọgbọ̀n."

"Ṣé ẹ̀mí mi lo fẹ́ fà yọ ni?"

"Baba Télọ̀, èjìká tèmi ni mo ń fà. Ẹ fi ẹ̀mí tiyín sílẹ̀ síbi tó wà."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ké láti inú yàrá. "Ìyàwó mi, ohun tó bá ń dùn ẹ́, ṣebí kó o jẹ́ kó sinmi ni!"

"Màmá, ó ti sinmi jù!"

Òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe àìsí ìtọ́jú ló mú èjìká yìí gan, ìtọ́jú ló pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ọsibítù, wọ́n gbé apá kọ́ ọ lọ́rùn pẹ̀lú aṣọ líle kan tó ń họ ọ́ lọ́rùn. Baba Télọ̀ wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó pòṣé, ó jókòó ti ẹ̀rọ. Ó rán tuntun mẹ́ta, òwú rírọ̀, ó ki fóòmù sí ọrùn wọn: ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún òde, ọ̀kan fún ìgbà tí àwọn méjì yòókù bá wà lórí okùn. Ẹ̀wù ìyàwó rẹ̀ gbogbo ló là níwájú, tó fi bọ́tìnnì sí, kí ó má baà sí èyí tí yóò ní láti gba orí wọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà ní kó fi gbé apá kọ́rùn. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bó bá bọ́ ọ láàárọ̀, Màmá á ti gbé e padà kó tó di ọ̀sán. Bó bá bọ́ ọ lọ́sàn-án, Baba Télọ̀ á ti gbé e kọ́ ọ kó tó di ìrọ̀lẹ́, á tún máa ki oríkì rẹ̀ bó ṣe ń dè é. Dókítà ní kó má gbé ohun tó wúwo. Nínú ilé yẹn, ṣíbí wúwo, ìyarun wúwo, ìgbálẹ̀ wúwo.

Òun náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká má purọ́. Ó dùn mọ́ ọn. Ẹni tó ti ń jí ní ìdájí láti gbé búrẹ́dì fún odidi ìlú jẹ, tí wọ́n wá ń gbé oúnjẹ sí lẹ́nu, kí ló fẹ́ kánjú bọ́ aṣọ náà sí? Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni Ìyá Tún-un-ṣe tó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, tó ní kó gbé apá sókè, tí apá náà sì kọ̀. Obìnrin náà wo Baba Télọ̀ títí. Baba Télọ̀ ló gbójú sílẹ̀.

Nígbà tó wẹ̀ tán láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, ó lọ fa aṣọ iṣẹ́ békìrì yọ nísàlẹ̀ àpótí. Aṣọ búlúù ni, orí ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Ó ti pinnu pé orí ni òun yóò gbà wọ̀ ọ́ lónìí, bó tilẹ̀ gbà á ní ìdajì wákàtí. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bọ́tìnnì méje ló tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó mú aṣọ náà lọ́wọ́, ó jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì láyà.

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan eléyìí?"

Baba Télọ̀ gbójú sókè látorí ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn. "O ti rí i? Mo ṣe é lánàá. Kò ní nira fún ẹ láti wọ̀."

"Mo fẹ́ kó nira!"

"Há!"

"Mo ní mo fẹ́ kó nira! Ẹ ti rán gbogbo ibi tó yẹ kí apá mi gbà kọjá dí. Ta ni yóò bá mi fi bọ́tìnnì sí pẹpẹ békìrì? Àbí ẹ máa tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́ kí ẹ máa bá mi là á níwájú?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Baba Télọ̀ lára. Ó dìde, ó ní ṣé òun tó dẹ́kun gbígba aṣọ oníbàárà kí òun lè máa wẹ̀ fún un, ṣé òun ló ń bá jà. Ìyàwó ní òun ò bá a jà, òun ń bá bọ́tìnnì jà. Ọkọ ní abaramóorejẹ ni. Ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ ni, abaramóorejẹ ni òun, kó gbé abẹ́rẹ́ kó tú bọ́tìnnì kúrò. Màmá jáde, ó dúró láàárín wọn, ó ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá wí.

Ariwo náà ló fa Ìyá Òkè wálẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wọn ló ń gbé, kò sì sí ohun tí wọ́n ń sè nísàlẹ̀ tí kì í mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tó sí i.

"Ẹ dákun, ẹ má jà. Ọ̀rọ̀ tòní ni, àbí? Gbogbo ojúlé ló ń sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n ń sọ?" ni Ìyá Búrẹ́dì bi í.

"Pé wọ́n máa dá yín dúró ni. Ẹ má bínú o, èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní apá tí wọ́n bá ti fi abẹ kàn, kò lè pé mọ́." Ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnì kan fún un ní àga. "Ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má gbé tíréè kankan. Ẹ gbé apá yẹn kọ́rùn padà, kí ẹ kúnlẹ̀ fún ọkùnrin náà. Bó bá rí aṣọ yẹn lọ́rùn yín, àánú á ṣe é. Ó lè fún yín ní iṣẹ́ gbígbá ilẹ̀."

Màmá fi orí gbà á. "Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn."

Ojú Baba Télọ̀ lọ síbi ìṣó tí aṣọ mẹ́ta náà so rọ̀ sí. Ìyá Búrẹ́dì náà wò ó. Kí n má tàn yín, ó wù ú. Ẹ̀rù ń bà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún un, ó sì rẹ̀ ẹ́. Bó bá gbé apá kọ́rùn báyìí, kò sẹ́ni tó máa ní kó gbé nǹkan kan.

"Bó bá ṣàánú mi lónìí," ló wá sọ, "ta ló máa ṣàánú mi lọ́la, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, tó rántí pé mi ò wúlò? Ẹ ṣeun, Ìyá Òkè. Mi ò kúnlẹ̀."

Ìyá Òkè gbọn ìdí aṣọ rẹ̀ nù, ó gòkè lọ. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń dá sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn pé òun ti ṣe tòun.

Ní ọ̀sán, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹyin ni Màmá sè. Bó ti máa ń ṣe, ó bu ti ìyàwó rẹ̀ sí àwo pẹrẹsẹ, ó gé ẹyin sí wẹ́wẹ́, ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá Búrẹ́dì ní kó jọ̀ọ́ kó dúró. Ó dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí àwo mìíràn tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yí ara díẹ̀, ó tún un nà, ọwọ́ tó o, ó mú àwo náà wálẹ̀. Ó wá gbé ìkòkò ìrẹsì. Apá náà kò gbé e dúró. Ìkòkò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrẹsì fọ́n sílẹ̀ káàkiri.

Baba Télọ̀ ti dìde ná, ó tún jókòó. Màmá mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbá a."

Màmá dúró bẹ́ẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìgbálẹ̀ sí i, ó lọ jókòó, ó kọjú sí oúnjẹ tirẹ̀. Ìyá Búrẹ́dì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ìrẹsì náà láti ìdí sítóòfù títí dé ẹnu ọ̀nà, kò fi òsì ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó gbá a tán, Màmá ní, "Ó kù díẹ̀ lábẹ́ tábìlì." Láti oṣù mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan máa rán an níṣẹ́ nínú ilé náà, ó sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tó di aago méjì, ó ri tówẹ́ẹ̀lì bọ omi gbígbóná, ó fún un, ó gbé e lé èjìká kí ó lè dẹ̀. Baba Télọ̀ dúró ti ilẹ̀kùn. Aṣọ búlúù wà ní apá rẹ̀. Ó ti tú bọ́tìnnì méjèèje, ó ti rán iwájú rẹ̀ pa.

"Kí ni kí n ṣe?" ló bi í. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ bá mi mú ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń wọn aṣọ wá. Kí ẹ máa kà á fún mi. Ẹ má dá mi dúró kó tó pé ọgbọ̀n."

Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá náà mú, ó jẹ́ kí ọwọ́ òsì máa ti ọwọ́ ọ̀tún lọ sókè orí. Baba Télọ̀ ń kà. Nígbà tó dé méjìlá, tí ìyàwó rẹ̀ pa ojú dé tó ń kérora, kò dákẹ́, ó ń kà á lọ. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀.

"Tún un ṣe," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó gba orí wọ aṣọ búlúù. Ó gbà á ní àkókò gígùn, orí rẹ̀ há sínú aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó ń bú aṣọ náà láti inú lọ́hùn-ún, Baba Télọ̀ sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò kó má baà ràn án lọ́wọ́.

Àwọn méjèèjì ló jọ rìn lọ sí békìrì. Ooru ààrò pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin márùn-ún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wà nídìí tábìlì, ìyẹ̀fun dé ìgbúnwọ́ wọn. Wọ́n kí i, ṣùgbọ́n wọn ò kí i pẹ́, torí Ọ̀gá Kékeré ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò létí àti ìwé lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, kò sì ṣàìbọ̀wọ̀ fún un rí. Ọ̀wọ̀ nìkan kọ́ ni èèyàn fi ń gba èèyàn síṣẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Búrẹ́dì. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Láti òkè la ti ń tò ó."

Ó mọ̀ ọ́n. Ìpele méje ni pẹpẹ náà ní. Òkè pátápátá ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí òróró tó wà nídìí tíréè má baà kán sórí búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀. Ìpele keje náà sì ga ju orí rẹ̀ lọ.

Búrẹ́dì méjìlá ló wà nínú tíréè náà. Ó di í mú, ó mí sínú, ó gbé e. Ó kọjá àyà. Ó kọjá àgbọ̀n. Ó kọjá ojú, ibi tó ti ń dúró láàárọ̀, ó dé iwájú orí, ìrètí Ìyá Búrẹ́dì sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni èjìká náà ti dúró. Ó tì í, kò lọ. Tíréè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Baba Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó rántí, ó gbé e padà. Ìyá Búrẹ́dì rọra sọ tíréè náà kalẹ̀ sórí tábìlì, búrẹ́dì kan ò ṣubú.

"Ẹ ti fojú ara yín rí i," ni Ọ̀gá Kékeré wí. Ó fa bírò yọ létí. Bóyá ojú ń tì í, bóyá ó kàn fẹ́ kí ó yé gbogbo èèyàn pé òun ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ó wá yíjú sí àwọn márùn-ún. "Apá Irin, wá fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e."

Apá Irin ló lágbára jù nínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ náà. Ó nu ọwọ́ sí ara épírọ́ọ̀nù, kò kúrò lójú kan.

"Apá Irin, ìwọ ni mo ń pè."

Ó wá. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbé tíréè náà, ó kọjá àgbọ̀n, ó kọjá ojú, ó dé iwájú orí. Ó fún ẹnu pọ̀. Apá rẹ̀ dúró síbi tí ti Ìyá Búrẹ́dì dúró sí, tíréè sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Apá Irin gbé e kalẹ̀. "Ọ̀gá, ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbé e débẹ̀ láti ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí èjìká Àǹtí yìí ti já lẹ̀rù ti ń bà wá. Tèmi náà ti ń ké. Àpótí la ń gùn."

"Àpótí wo? Àwọn ta?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí igi kan yọ lẹ́yìn àwọn àpò ìyẹ̀fun. Ẹsẹ̀ ti tẹ ìyẹ̀fun mọ́ orí rẹ̀ títí ó fi funfun. "Gbogbo wa ni," ló wí.

Ọ̀gá Kékeré fi igbe bọnu. Ṣé òun ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gun nǹkan kan níbí? Bí ẹnì kan bá ṣubú ńkọ́, ta ni oníbékìrì máa mú? Ìyá Búrẹ́dì kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Ó ń wo àpótí náà, inú ń bí i, kì í ṣe sí àwọn obìnrin náà. Oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀ tó ń rò pé òun ni kò lágbára tó, pé èjìká tòun nìkan ni kò dára. Àṣé pẹpẹ yẹn ló ga ju èèyàn lọ.

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà dé ìdí pẹpẹ. Ó gùn ún. Ó ní kí Apá Irin gbé tíréè fún òun, ó gbà á, ó gbé e sókè. Ìpele keje ti wà ní ọ̀gangan imú rẹ̀ báyìí. Ó fà á, kò gún un. Tíréè náà wọlé wọ̀ọ̀, ó jókòó. Ó na ọwọ́ fún ìkejì.

"Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gun nǹkan!"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà," ni Ìyá Búrẹ́dì wí, ó sì ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé. "Ẹ kọ orúkọ mi. Ẹ kọ ti àwọn tó kù pẹ̀lú."

Ọ̀gá Kékeré gbé bírò lé ìwé. Agogo ààrò dún. Búrẹ́dì tó wà nínú rẹ̀ ti jinná. Àwọn obìnrin márùn-ún náà ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọn ò mira, agogo náà sì ń dún lọ. Òórùn búrẹ́dì kún inú ilé, ó dùn, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í korò díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ kó o jáde!" ni Ọ̀gá Kékeré wí. "Ṣé ẹ ò gbóòórùn ni?"

Wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Ọkùnrin náà wo ààrò, ó wo àpótí, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó dá bírò padà sí etí.

"Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Búrẹ́dì. Ẹ má pẹ́ o. Ẹ lè máa gun àpótí yẹn. Apá Irin, mo bẹ̀ ẹ́, ṣí ààrò."

Apá Irin kò wò ó. Ẹni tó wà lórí àpótí ló gbójú sókè wò.

"Àpótí kan ò tó, ọ̀gá," ni Ìyá Búrẹ́dì wí látòkè níbẹ̀. "Èèyàn mẹ́fà la jẹ́."